Kí ló dé tí apá kan cochlear implant ṣì ń gbé ẹ̀yìn etí?

Àkànbí_Wáyà

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó lè tú u wà níbí.

Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mò ń kọ́, apá àwọn ẹ̀rọ tín-ín-tìn-ín. Fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo fẹ́ ṣe nǹkan tó kan etí. Ìtàn Geoffrey Ball ló fà mí débẹ̀, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa láti kékeré. Àwọn ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó ń fi sétí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá jókòó ṣe tiẹ̀: òòfà kékeré kan tí wọ́n lọ́ wáyà yí ká, gbogbo rẹ̀ ò ju mìlígíráàmù 25 lọ, tí dókítà á so mọ́ ọ̀kan nínú eegun mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ìlù etí. Iná wọ wáyà, òòfà gbọ̀n, eegun bá a gbọ̀n. Ọdún 1996 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sétí aláìsàn, ní Zurich. Nígbà tó yá, Ball náà gba tiẹ̀ sétí.

Ìbéèrè mi rèé. Àwọn tí etí wọn ti lọ pátá ń lo cochlear implant (ẹ jẹ́ n máa pè é ní CI), ẹ̀rọ tí wọ́n ki okùn rẹ̀ bọ inú etí, tí àwọn ẹlẹ́kítíróòdù, ìyẹn ojú wáyà kéékèèké tó wà lára okùn náà, ń fi iná ta iṣan ìgbọ́ràn. Ingeborg Hochmair àti Erwin ọkọ rẹ̀ ti fi CI oní-ẹlẹ́kítíróòdù púpọ̀ síni létí ní Vienna ní Oṣù Kejìlá 1977, Graeme Clark ṣe tiẹ̀ ní Melbourne ní Oṣù Kẹjọ 1978. Ó ń lọ sí àádọ́ta ọdún. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo CI lónìí ṣì ní láti kọ́ ẹ̀rọ sẹ́yìn etí, kí wọ́n tún lẹ òòfà mọ́ orí. Kí ló dé tí gbogbo ẹ̀ ò lè wọlé? Ṣé wọn ò tíì rí i ṣe kó kéré tó ni, àbí nǹkan míì wà ńbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Sẹ́ńsọ̀

Àkànbí, ìbéèrè gidi lo gbé wá. Sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń kíyè sí nǹkan bíi gbígbọ̀n, ni mo ń fi ọwọ́ ara mi ṣe, n ó sọ ibi tí mo mọ̀.

Kíkéré kọ́ ni wàhálà rẹ̀. Ṣíìpù tó ń ṣe ìṣirò ohùn ti kéré tó, ó ti pẹ́. Nǹkan mẹ́ta ló ń dá wa dúró: máìkì, iná, àti omi ara. Máìkì ló le jù, ẹ jẹ́ n mú un ṣíwájú.

Tí o bá mú máìkì, tí o rì í sábẹ́ awọ orí, kò ní gbọ́ ayé mọ́, ara ni yóò máa gbọ́. Onítọ̀hún ń jẹun, máìkì ń gbọ́ eyín. Ó gbé itọ́ mì, máìkì gbọ́ ọ. Ó fọwọ́ pa irun, ó di ariwo ńlá. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn tiẹ̀ á bo ti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ti dán an wò lára èèyàn o. Àwọn dókítà kan ní Melbourne fi CI tí gbogbo ẹ̀ wà nínú ara sí èèyàn 3 lára, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Ó ṣiṣẹ́, wọ́n ń gbọ́ràn láìkọ́ nǹkan kan sétí. Àmọ́ tí wọ́n bá dá ẹ̀rọ ìta padà sórí, ọ̀rọ̀ máa ń yé wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ariwo ara yẹn wà lára ohun tó fà á.

Ohun tí a wá ń lé báyìí ni kí etí fúnra rẹ̀ di máìkì. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tí kò gbọ́ràn, ìlù etí ò kú. Ohun tó kú wà nínú lọ́hùn-ún. Ohùn dé, ìlù etí gbọ̀n, eegun mẹ́ta tó tẹ̀ lé e gbọ̀n. Tí a bá lè ka gbígbọ̀n yẹn, máìkì ti wà nílẹ̀ nìyẹn, etí ìta sì ti bá wa kó ohùn jọ bí Ọlọ́run ṣe dá a.

Àwọn kan ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tí Jeffrey Lang wà nínú wọn, pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn onímọ̀ etí ní ilé ìwòsàn Mass Eye and Ear àti yunifásítì Columbia, wọ́n gbé ọ̀kan jáde ní 2024 tí wọ́n pè ní UmboMic. Umbo ni góńgó àárín ìlù etí, ibi tí eegun àkọ́kọ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Sẹ́ńsọ̀ náà jẹ́ onígun mẹ́ta, mìlímítà 3 sí mìlímítà 3, kò nípọn ju máíkírómítà 200. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń jẹ́ PVDF ló wà nínú rẹ̀, ìpele méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, pátákó wáyà tó ṣe é tẹ̀ sì wà láàárín wọn. PVDF tó bá ti tẹ̀, iná díẹ̀ á jáde lára rẹ̀. Ìdí tó fi jẹ́ méjì ló wù mí jù: tí ó bá tẹ̀, iná ti òkè á jẹ́ òdìkejì ti ìsàlẹ̀, àmọ́ ariwo iná tó ń fò wá láti ìta á ba àwọn méjèèjì dọ́gba. Yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì, ariwo á pa ara rẹ̀, ohùn á ṣẹ́ kù. Etí òkú ni wọ́n fi dán an wò nínú ìwádìí yẹn o, kì í ṣe etí alààyè.

Kí o má sì rò pé ó rọrùn. Nígbà tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ níwájú rẹ, nánómítà (mìlímítà kan pín sí mílíọ̀nù kan) ni wọ́n fi ń wọn bí umbo ṣe ń rìn. Ohun tí o fẹ́ fi sẹ́ńsọ̀ kà nìyẹn. Bí sẹ́ńsọ̀ rẹ bá le jù, á dá umbo dúró. Bó bá rọ̀ jù, kò ní mú iná tó pọ̀ wá.

Kòkànmí

Mo kàn ń kọjá lọ ni o. Ẹ̀rọ nínú orí, iná nínú orí, máìkì nínú orí. Ṣé wọn ò ní máa fi gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ nílé báyìí?

Olóòfà_Orí

Kòkànmí, ìyàwó mi gan-an ń bẹ̀ mí kí n gbọ́ ohun tó ń sọ, mi ò gbọ́ tán. Ta ló wá kù tó máa fi orí mi gbọ́ ọ?

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Mo ń lo CI, mo sì fẹ́ dá sí i.

Yírùnyírùn ló gba etí mi nígbà tí mo ti di àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́. Méjèèjì ló lọ. Dókítà ní kí n má fi falẹ̀ rárá, torí lẹ́yìn yírùnyírùn, eegun lè hù dí inú kọ́kílíà, ihò etí inú tí wọ́n ń ki CI bọ̀, okùn ẹlẹ́kítíróòdù ò sì ní ríbi gbà wọlé mọ́. Bí mo ṣe gba tèmi kíákíá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń tan án, torí ẹ̀yin ẹnjiníà kì í sí ńbẹ̀. Wọn kì í sábà tan án lójú ẹsẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí egbò jinná ná. Lọ́jọ́ tí wọ́n tan tèmi, àǹtí tó ń tọ́jú mi so mí mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ ẹlẹ́kítíróòdù lọ́kọ̀ọ̀kan, pí, pí, pí. Kí n sọ ìgbà tí mo bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí n sọ ìgbà tó bá tó, kí n sọ kó tó pọ̀ jù. Ó dé orí ọ̀kan báyìí, mi ò gbọ́ nǹkan kan, ìpéǹpéjú mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó ní iná ti jò dé iṣan tó ń darí ojú, ó pa ìyẹn, ó bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tó wá tan gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó sọ̀rọ̀ sí mi. Mi ò mọ̀ bóyá ohùn ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin. Ó tínrín, ó ń dún kiri kiri, tí kì í bá ṣe pé mò ń wo ẹnu rẹ̀ ni, mi ò bá má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni. Ọpọlọ ló máa ń jókòó tì í títí tí á fi mọ̀ ọ́n. Ó gba oṣù mélòó kan.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ nípa ẹ̀yìn etí yìí, lójúmọmọ kì í dà mí láàmú. Alẹ́ ni. Mo bọ́ ọ kí n tó sùn, ilé pa lọ́lọ́. Ẹni bá kanlẹ̀kùn ń fìyà jẹ ọwọ́ rẹ̀ ni. Bí iná bá ń jó, ẹlòmíì ló máa wá jí mi. Tí ẹ bá fi gbogbo ẹ̀ sínú, alẹ́ yẹn lẹ ó gbà lọ́wọ́ mi, mo sì máa dúpẹ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí náà: ẹ̀rọ ẹ̀yìn etí tí mò ń lò báyìí kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, abẹ ò kàn mí. Tuntun yìí ń gba fóònù wọlé tààrà, ó sì mọ bó ṣe ń dín ariwo kù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn tó wà nínú orí mi ò yí padà rárá. Ká ní gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ni, n bá ṣì máa lo ọpọlọ ẹ̀rọ ayé àtijọ́.

Àkànbí_Wáyà

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Apá tó kẹ́yìn yẹn, wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé kankan tí mo rí.

Ẹ̀gbọ́n, iná ńkọ́? Mo kà níbì kan pé etí ní bátìrì tiẹ̀ lára. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n_Sẹ́ńsọ̀

Òótọ́ ni. Nínú kọ́kílíà, omi oríṣi méjì ló wà, iyọ̀ wọn yàtọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru kí iná máa wà láàárín wọn, bíi mìlífóólùtì 70 sí 100. Ìyẹn ni etí fi ń ṣiṣẹ́. Ní 2012, àwọn kan láti MIT àti Harvard, Patrick Mercier, Anantha Chandrakasan, Konstantina Stankovic àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ki wáyà bọ inú etí ẹranko kan tó ń jẹ́ guinea pig, wọ́n fa iná díẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí márùn-ún, etí ò bàjẹ́. Iná náà gbé rédíò kékeré kan tó ń fi àmì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ mélòó ni iná yẹn? Nánówáàtì kan àti díẹ̀. Ní 2014, ilé iṣẹ́ Chandrakasan kan náà gbé ṣíìpù CI jáde tí kò jẹ iná tó mìlíwáàtì kan, àwọn èèyàn sì yìn ín pé kò jẹ iná rárá. Kódà èyí tí kò jẹ iná rárá yẹn, ó fẹ́ ju ohun tí etí lè fún un lọ ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Iná etí lè gbé sẹ́ńsọ̀ tó ń jí lẹ́ẹ̀kan tó ń sùn padà. Kò lè gbé CI. Tí wọ́n bá ń gbé e kiri lórí ayélujára pé etí yóò máa ṣájì CI fúnra rẹ̀, má dá wọn lóhùn.

Bátìrì gidi ló máa wọ inú nígbà náà. Ṣíìpù 2014 yẹn, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ní kí wọ́n fi ṣájì rẹ̀ láti ara fóònù, kó ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́jọ. Bátìrì sì ń darúgbó. Ẹ̀rọ Esteem tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní 2010 wà pátápátá nínú ara, kò ní nǹkan kan níta (kì í ṣe CI o, eegun ló ń tì). Tí bátìrì rẹ̀ bá tán, dókítà ní láti la awọ láti pààrọ̀ rẹ̀. Tún ro ooru sí i: bó o bá ń ṣájì láti orí awọ, ibẹ̀ ń gbóná, ara ò sì gba ooru púpọ̀.

Torí náà ohun tí Bàbá Olóòfà sọ ni mo rọ̀ mọ́. Apá tó wà níta kì í ṣe ẹ̀yìn tí a wà. Ibẹ̀ ni a kó gbogbo ohun tó ń tètè gbó sí, máìkì, bátìrì, ọpọlọ ẹ̀rọ, kí abẹ má baà máa bá èèyàn lọ títí ayé. Ọmọ tó gba CI lónìí á lò ó fún àádọ́rin ọdún. Bátìrì wo ló tó bẹ́ẹ̀?

Àǹtí_Olùtójú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Iṣẹ́ ìtọ́jú ìgbọ́ràn ni mò ń ṣe, irú àwọn tí Bàbá sọ pé wọ́n ń tẹ pí pí yẹn.

Ẹ ti sọ ẹnu ọ̀nà púpọ̀. Fún èmi, ibi tó kù sí wà nínú lọ́hùn-ún. Kọ́kílíà lọ́ bí ìkarahun ìgbín, bíi ìyípo méjì àtààbọ̀. Nínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì onírun bíi 15,000 ló wà nínú etí kọ̀ọ̀kan, àmọ́ nǹkan bí 3,500 nínú wọn ló ń ránṣẹ́ ohùn gan-an sí ọpọlọ. Ìdí ibẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà, ló ń gbọ́ ohùn òkè. Orí góńgó rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì yẹn bá ti kú lára èèyàn, kì í hù mọ́. Lára ẹyẹ, ó ń hù. Ẹyẹ ṣe orí ire.

CI fo àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti kú yẹn, ó lọ ta iṣan ìgbọ́ràn lólobó tààrà. Àmọ́ dípò ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì, ẹlẹ́kítíróòdù 12 sí 22 ló ní, ó sinmi lórí ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Omi iyọ̀ ló sì kún inú ibẹ̀, iná ń ṣàn káàkiri nínú rẹ̀, tí ẹlẹ́kítíróòdù kan bá dún, aládùúgbò rẹ̀ náà ń gbọ́. Nígbà tí a bá dán an wò, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní 22 ń ṣe bí ẹni tó ní bíi 8 ni. Blake Wilson ló tún ọ̀nà ṣe ní 1991: pín ohùn sí ọ̀nà ọ̀nà, mú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń lọ sókè sódò, kí o sì jẹ́ kí ẹlẹ́kítíróòdù máa dún ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí wọ́n má dún pọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yéni ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Òun, Clark àti Ingeborg Hochmair ló jọ gba Lasker, ẹ̀bùn ńlá ìmọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ní 2013.

Ohun tí ọ̀nà yẹn sọ nù ni gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn. Ẹni tó ń sọ èdè tí kò lo ohùn láti ya ọ̀rọ̀ lè má fura. Àwọn tó ń sọ Mandarin ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí rẹ̀, ó ń dà wọ́n láàmú gan-an. Ẹ wo àwa náà: igbá, ìgbá, igba, ìgbà. Sọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó ń lo CI, kí o bo ẹnu rẹ. Wàá rí ohun tí mò ń wí. Torí náà, bí ẹ bá gbé máìkì wọ inú tán, tí ẹ sì gbé bátìrì wọ inú tán, iṣẹ́ tó kan wa jù ṣì wà nílẹ̀.

Olóòfà_Orí

Àǹtí, ẹ ò parọ́. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ló ń ṣì mí lọ́nà. Tó bá ti wà nínú gbólóhùn, mo mọ̀ ọ́n. Orin ló ń dùn mí. Èyí tí mo mọ̀ kí etí mi tó lọ, ọpọlọ mi ń bá mi kọ ọ́ parí. Orin tuntun? Ìlù nìkan ni mò ń gbọ́ níbẹ̀.

Físíìsì_Lásán

Ìdí tí àwọn kan fi fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ rọ́pò iná nìyẹn. Iná ń ṣàn kiri nínú omi, ìmọ́lẹ̀ á lọ síbi tí o bá kọjú rẹ̀ sí. Tobias Moser àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Göttingen, ní Jámánì, ló ń léwájú. Wọ́n á kọ́kọ́ fi jíìnì kan sínú iṣan ìgbọ́ràn kí ó lè máa mọ ìmọ́lẹ̀, wọ́n á wá ki gílóòbù tín-ín-tìn-ín bọ kọ́kílíà. Ẹranko ni wọ́n ti ń fi dán an wò.

Ẹ̀gbọ́n_Sẹ́ńsọ̀

Ó dára lórí ìwé, ó sì ń wù mí. Àmọ́ a ti kúrò lórí ẹ̀rọ nìkan, a ti dé orí jíìnì. Tí ọ̀kan bá yege tí ìkejì ò yege, asán ni.

Ọwọ́_Ń_Fọhùn

Mo ti ń ka gbogbo yín láti òkè. Adití ni mí láti inú oyún, ọwọ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀, mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ, mo ní iṣẹ́. Kò sí ohun tó kù tí mo ń dúró dè kí ẹnjiníà tó gbé e wá.

Mi ò bá Bàbá Olóòfà jà. Ó gbọ́ràn rí, ó pàdánù rẹ̀, ó ń wá a. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo wa ló ń ṣàìsàn. Ẹ sì kíyè sí ohun tó sọ nípa alẹ́. Tó bá ti bọ́ ẹ̀rọ, adití ni. Ọmọ tí ẹ fún ní CI, tí ẹ ò kọ́ ní èdè ọwọ́, kí ni yóò fi bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí bátìrì bá tán tàbí tí ẹ̀rọ bá kú?

Àǹtí_Olùtójú

Ọ̀gá mi, mo gbà pẹ̀lú yín lórí èdè ọwọ́, mo sì ń sọ ọ́ fún àwọn òbí. Àwọn oníṣẹ́ bíi tèmi kan ṣì wà tí wọ́n ń ní kí ọmọ má kọ́ ọ kó má baà ya ọ̀lẹ nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Èmi ò rí ohun tó gbè é lẹ́yìn nínú iṣẹ́ tèmi.

Ibi tí n kò ti lè bá yín dé òpin ni ti àkókò. Ọpọlọ ọmọ tí kò bá gbọ́ ohun kan rárá ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ yóò ti fi ibẹ̀ ṣe nǹkan míì. Tí ẹ bá ní kí ọmọ dàgbà kó yàn fúnra rẹ̀, CI tó bá yàn nígbà náà ò ní lè ṣe ohun tí ì bá ti ṣe. Àìyàn náà, yíyàn ni.

Ọwọ́_Ń_Fọhùn

Mo gbọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kí àwọn òbí rí adití tó ti dàgbà kí wọ́n tó yàn. Dókítà nìkan ni wọ́n máa ń rí.

Ìyá_Kékeré

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọmọ tí wọ́n sọ pé kò gbọ́ràn létí méjèèjì, kò tíì pé ọdún méjì. Ṣé kí a dúró de èyí tí gbogbo ẹ̀ máa wà nínú yìí ni?

Àǹtí_Olùtójú

Ẹ má dúró, ìyá. Láti 2020 ni FDA ti gbà kí wọ́n fi CI kan sí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lára, torí pé ọjọ́ ń lọ. Èyí tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ bá dókítà yín sọ. Ẹ bi wọ́n ní pàtó bóyá iṣan ìgbọ́ràn ọmọ náà wà, wọ́n á fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wò ó. Tí iṣan bá wà, CI lè ṣiṣẹ́. Tí iṣan ò bá sí, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń ṣe: ẹ̀rọ tó ń lọ sí ìdí ọpọlọ tààrà, irú èyí tí William House àti William Hitselberger kọ́kọ́ ṣe ní 1979. Ìyẹn le ju CI lọ. Ẹ sì ka ohun tí Ọwọ́_Ń_Fọhùn kọ lókè yẹn dáadáa.

Kòkànmí

Mi ò kọjá lọ mọ́ o, mo ti jókòó. Etí bàbá mi ò tíì lọ pátá, ó kàn ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Ṣé kò sí èyí tó lè dá a dúró kó tó di pé wọ́n ń ki wáyà bọ̀ ọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Sẹ́ńsọ̀

Ó wà nínú ìwádìí, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ kí Àkànbí yẹ̀ wò pẹ̀lú.

Oògùn ló máa dá irú ẹ̀ dúró, bí a bá rí i. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni ọ̀nà. Etí inú ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọlé, bíi ti ọpọlọ. Tí o bá gbé oògùn mì, gbogbo ara á mu ún yó kí etí tó rí ẹ̀kán kan. Dókítà lè fi abẹ́rẹ́ gba inú ìlù etí kọjá, àmọ́ púpọ̀ nínú oògùn yẹn á ṣàn gba ọ̀nà tó so etí pọ̀ mọ́ ọ̀fun, á lọ. Ìwọ̀nba tó wọ kọ́kílíà kì í sì í dé góńgó lọ́hùn-ún.

Ohun tí David Borkholder ní Rochester Institute of Technology wá ń ṣe pẹ̀lú Robert Frisina ní University of South Florida ni páǹpù tí wọ́n á fi sábẹ́ awọ. Eku ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, torí a mọ jíìnì eku dáadáa. Àmọ́ omi inú etí eku kéré débi pé bí o bá rọ ẹ̀kán kan sí i, o ti bà á jẹ́. Èyí tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní 2019, ìda ló ń ti oògùn níbẹ̀. Wọ́n mú ìda wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ní ibi mélòó kan. Iná mú ìda gbóná, ó yọ́, ó wú, ó fún ọ̀pá pa. Ó tutù, ó sún padà, ọ̀pá là. Wọ́n ń fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ léra, oògùn ń rìn síwájú. Nánólítà ni wọ́n fi ń ka ohun tó ń jáde. Kò sí fáàfù, kò sí mọ́tò tí á bàjẹ́.

Ní ti bàbá rẹ, Kòkànmí, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí wọ́n lọ yẹ etí wọn wò, kí wọ́n lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó bá wọn mu, kí wọ́n sì yẹra fún ariwo. Kí wọ́n bi dókítà nípa oògùn tí wọ́n ń lò pẹ̀lú, torí àwọn kan wà tó ń pa sẹ́ẹ̀lì onírun: gentamicin, streptomycin, àti cisplatin tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ.

Àkànbí_Wáyà

Ẹ̀gbọ́n, mo ti pinnu. Sẹ́ńsọ̀ PVDF ni n ó ṣe, n ó sì fi sílíkónì bò ó. Tí mo bá ti rí i pé ó ka gbígbọ̀n lórí tábìlì, ṣé ó tán nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n_Sẹ́ńsọ̀

Ìgbà yẹn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo sọ pé nǹkan mẹ́ta, mi ò tíì sọ ti omi. Sílíkónì kì í dá oru omi (omi tó ti di bí afẹ́fẹ́) dúró, ó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tó ń gba wáyà là ni bí sílíkónì bá lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́ débi pé omi ò ríbi kóra jọ sí. Bí ìdọ̀tí díẹ̀ bá wà lábẹ́ rẹ̀, omi á kó jọ síbẹ̀, iyọ̀ á bá a pọ̀, wáyà á jẹ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ CI òde òní fi ń kó ṣíìpù wọn sínú àpótí títéníọ́mù tí wọ́n jó pa, tí wọ́n sì ń fi pílátínọ́ọ̀mù ṣe ẹlẹ́kítíróòdù.

Ṣe báyìí. Fọ pátákó rẹ mọ́ kí o tó bò ó, má fọwọ́ lásán kàn án mọ́. Po omi iyọ̀ tó dà bí ti ara, rì í sínú rẹ̀, gbé e sínú ààrò yàrá ìwádìí ní ìwọ̀n Celsius 67, kí o sì jẹ́ kí iná wà lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, torí wáyà tí iná wà lára rẹ̀ ló ń tètè jẹ. Ara èèyàn wà ní 37. Bí ooru bá fi 10 lé sí i, a máa ń kà á pé bíbàjẹ́ ń yára ní ìlọ́po méjì, torí náà oṣù kan nínú ààrò yẹn á dúró fún bíi oṣù mẹ́jọ nínú ara. Ìṣirò àfojúbù ni o, PVDF fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ràn ooru, má gbé e kọjá ibẹ̀.

Máa wọn iná tó ń jò láàárín wáyà méjèèjì lójoojúmọ́, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tó bá fò sókè lójijì, yọ ọ́, gbé e sábẹ́ maikirosikópù, ya fọ́tò ibi tó ti jẹ, kí o gbé e wá síbí.

Àkànbí_Wáyà

Ṣé kí n ṣe ju ẹyọ kan lọ?

Ẹ̀gbọ́n_Sẹ́ńsọ̀

Ṣe mẹ́wàá. Fi méjì sínú ààrò kan náà láìrì wọ́n sómi, kí o lè mọ èyí tí ooru nìkan bàjẹ́.